Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Mi Láti Bruma

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n jókòó sínú ọkọ̀ tó ń lọ, kí n máa sọ̀rọ̀ sí fóònù títí ọ̀rọ̀ yóò fi já. Bí ó bá já, inú mi á dùn, nítorí mo ti rí ibi tó ń ṣe é nìyẹn. Bí kò bá já, a ó yí ọkọ̀ padà, a ó gba àdúgbò mìíràn lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé bí ìjàlọ bá sọnù ní gbogbo Iléṣà, kí wọ́n wá wọn wá sí ìdí mi.

Johannesburg la wà, lọ́dún tí orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ń múra ìbò tí dúdú àti funfun yóò jọ dì fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn kan ń ra oúnjẹ inú agolo jọ bí ẹni pé ogun ń bọ̀, àwọn mìíràn ń kọrin kiri ìgboro. Ilé iṣẹ́ tiwa ò tiẹ̀ ráyè gbọ́ ti ìbò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká là ń kọ́, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń kọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ló máa kó ọjà. Nítorí náà, Sátidé o, Sọ́ńdè o, ojú ọ̀nà la wà.

Ọmọ Soweto kan ló ń wa ọkọ̀ náà, àgbàlagbà tó ti wa taxi rí, tí kì í sáré, tí kì í sì í fọn fèrè. Bí robot bá ti fẹ́ pọ́n báyìí, ó ti dúró. Robot ni wọ́n ń pe iná ojú títì níbẹ̀. Èmi á máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí mo jókòó sí, bí ẹni pé èmi ni mo ń wà á. Á wò mí lẹ́ẹ̀kan, á mi orí.

"Eish," á ní, "ọ̀nà yìí ò ní sá lọ."

Fúláàtì kan ní Berea ni mò ń gbé, lókè téńté. Obìnrin ará Èkó kan wà ní ilẹ̀kùn kejì, ó ń ta aṣọ àti wíìgì ní Hillbrow. Ó jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lára àwọn fóònù náà wálé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bùọ̀dá, wáyà ẹ̀ dà?"

"Kò ní wáyà, Àǹtí. Afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ."

"Afẹ́fẹ́ wo? Afẹ́fẹ́ Hillbrow tó ń gbé láílọ́ọ̀nù kiri yìí? Abeg, sọ òótọ́ fún mi."

Mo jókòó, mo sì tún dìde, nítorí n kò lè fi ìjókòó ṣàlàyé nǹkan. Mo mú un lọ sójú fèrèsé, mo na ìka sí orí àwọn ilé. Mo ní tẹ́lẹ̀ rí, àwọn olówó tó ní fóònù inú ọkọ̀, òpó kan ṣoṣo lórí òkè ló ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ohùn òpó náà ń dé ọ̀nà jíjìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló lè bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyè bá ti kún, ẹni tó kù á gbé fóònù dání lásán. Èyí tí àwa ń kọ́ yàtọ̀. A gé ìlú sí wẹ́wẹ́. Berea ní òpó tirẹ̀, Hillbrow ní tirẹ̀, Bruma náà ní tirẹ̀, ọ̀kankan wọn ò sì gbọdọ̀ pariwo kọjá àdúgbò rẹ̀. Nítorí pé wọn kì í pariwo, ìgbì tí òpó Berea ń lò, òpó mìíràn tó jìnnà díẹ̀ lè máa lo irú rẹ̀, ẹnìkan ò sì ní dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Nínú ìgbì kan náà, ènìyàn mẹ́jọ lè jọ máa sọ̀rọ̀. Àkókò tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń lò, àkókò tó kéré ju ìṣẹ́jú ojú lọ, bí ọmọ mẹ́jọ tó ń jẹun nínú àwo kan tí ọwọ́ ò sì pàdé ọwọ́.

"Tí mo bá wá ń rìn lọ sí Hillbrow ńkọ́?"

"Fóònù á ti máa gbọ́ òpó Hillbrow láti ọ̀nà. Kò sígbà tí kì í wo agbára gbogbo òpó tó wà láyìíká, kódà bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ti Hillbrow bá ti lágbára ju ti Berea lọ, wọ́n á pèsè àyè sílẹ̀ fún yín lọ́hùn-ún, fóònù á fò bọ́ síbẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀."

"Tí mi ò bá pe ẹnì kankan, tí mo kàn gbé e sínú báàgì?"

"Á ṣì máa fi ibi tí ẹ wà tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì létí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa wá yín sí tí ẹnìkan bá pè."

Ó rọra gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ̀hẹ̀n! O ò tètè sọ pé ìyàwó òjòwú lo gbé wálé. Ọkọ mi ò gbọdọ̀ fojú kan eléyìí o."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀rọ náà gan-an nìyẹn: kò mọ ìjókòó jẹ́ẹ́. Ìṣòro rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ibi tí òpó kan ti ń fa ọ̀rọ̀ lé òpó kejì lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń já. Bí obìnrin méjì bá ń gba ìkókó lọ́wọ́ ara wọn, ẹnìkejì gbọdọ̀ ti na ọwọ́ tirẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó tú u sílẹ̀. Láàárín Hillbrow àti Bruma, òkè kan dúró gbọnrangandan, òpó ìhín kò sì rí tọ̀hún dáadáa. A lọ síbẹ̀ títí ó fi sú mi. A sún eríàlì sókè, a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a tún padà lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tún já.

Lónìí, wọn kì í tiẹ̀ fi àyè kankan pamọ́ fún ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Bákan náà ni wọ́n ń gé ohùn, àwòrán àti lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n á jù wọ́n sójú ọ̀nà, wọn á lọ tò wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ń lọ. Àpótí kékeré ara òpó iná ń ṣe iṣẹ́ tí òpó gogoro ń ṣe nígbà náà. Àwọn ọmọ wa ń jókòó sí ìlú òyìnbó, wọ́n ń wo ojú ìyá wọn ní Iléṣà, bí àwòrán bá sì dúró díẹ̀ báyìí, wọ́n á máa kùn. Inú máa ń bí mi sí wọn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ohùn lásán ni mò ń wá, ohùn tèmi, kí ó dé etí ọmọ kan.

Ìyàwó mi wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, ó bí ọkùnrin, àkọ́bí wa. Fóònù ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nítòsí wọn wà ní pálọ̀ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì, aládùúgbò bàbá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí ní ọ́fíìsì. Mo pariwo, mo jó, mo dì mọ́ ọ̀gá mi, òyìnbó tí kì í dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nítorí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí n dé ilé kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ara mi fi gbóná. Nígbà tí wọ́n bí èmi, Kumasi ni bàbá mi wà, níbi tó ti ń ta aṣọ bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà. Kò tètè gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló sọ mí lórúkọ, orúkọ náà sì dára. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé wa, bí mo bá ti hùwà ìpáǹle díẹ̀ báyìí, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá ẹ̀ ò kúkú sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde." Bàbá mi á wà nítòsí, á gbọ́ ọ, á máa wo ilẹ̀. Ó ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé ó ń dun òun náà, ṣùgbọ́n a ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Mo ti pinnu láti ìgbà náà pé ọmọ tèmi, ohùn tèmi ni yóò kọ́kọ́ gbé orúkọ sí i létí, kí ẹnikẹ́ni tó pè é sókè. Mo ti ní orúkọ ọ̀hún nílẹ̀, orúkọ ọlá, orúkọ ńlá. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Mo lọ sí ìdí fóònù ìta ní Hillbrow, níbi tí èèyàn ti ń tò, tí ẹni tó wà lẹ́yìn ń mí sí ọ lọ́rùn, tí ìlà sì ń já nígbà tó bá wù ú. Mo pe ilé ọ̀gá ilé ìwé, mo ní kí wọ́n bá mi pe bàbá mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ìkómọ náà ní pálọ̀ tí fóònù wà, torí wáyà rẹ̀ kúrú, kò lè dé ilé wa. Àwọn ẹbí fárígá. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé ta wá ni wọ́n fẹ́ wò báyìí, ṣé ilé ọ̀gá ilé ìwé ni? Bàbá mi ò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n máa ru àga lọ. Ó tún wá lọ ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀, nínú fóònù tí kò ní wáyà, láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà pátápátá. Ẹni tí wọn ò pè gan-an múra àtilọ. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fọwọ́ sí i, ó ní kí n kúkú fi ṣe ìdánwò, torí a ní láti mọ̀ bóyá ìpè á lè jáde kọjá ààlà.

Sátidé ni ọjọ́ ìkómọ bọ́ sí. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti wẹ̀, mo ti wọ bùbá àti ṣòkòtò bí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ gan-an, nígbà tí Àǹtí kan ilẹ̀kùn.

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ láti òwúrọ̀, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn. Jókòó, kó o mu tíì."

"Mi ò lè jókòó, Àǹtí."

"Ṣé ìwọ lo bímọ ni àbí ìyàwó ẹ? Calm down, jàre." Ó na ife tíì sí mi. "Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Tó o bá ti sọ ọ́ tán, wá sọ orúkọ náà fún mi, èmi náà máa fún un ní tèmi."

Gbogbo robot tó wà láàárín Berea àti Bruma ló pọ́n fún wa lọ́jọ́ yẹn. Mo bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bruma ni mo yàn, torí ní Sátidé, Hillbrow ò dákẹ́ láàárọ̀, tí àyè ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù Bruma sì dá páropáro. Òpó tibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ fóònù inú ọkọ̀ tí a fi ń ṣe ìdánwò wà lórí ìjókòó láàárín èmi àti awakọ̀. Wáyà kan ti ara rẹ̀ lọ sí eríàlì lórí ọkọ̀, wáyà kejì tó wé bí ìgbín so ó mọ́ èyí tí à ń gbé sí etí. Mo tẹ nọ́ńbà. Ó dún.

Ọ̀gá ilé ìwé ló gbé e. A kí ara wa: ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àlejò, ṣé ara le, ẹ̀yin ará ọ̀hún ńkọ́, òtútù ò mú jù? Mò ń fi ìka lu orúnkún. Mo ń gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí àga ṣe ń ha ilẹ̀, ohùn náà mọ́ gaara, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin. Ọ̀gá ní kí n dúró, bàbá mi ń bọ̀ lórí fóònù.

"Ìwọ nìyẹn?" ni bàbá mi wí.

N kò rò ó rárá. Ohùn rẹ̀ wọ etí mi, ara mi sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà títì ní Bruma, tèmi ti fóònù létí. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọmọ, sà." Tọkọtaya òyìnbó kan tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù dúró wò mí. Awakọ̀ rò pé mo dákú, ó fò jáde.

Ohun tí n kò rí ni pé wáyà etí náà ti wọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ láti orí ìjókòó, wáyà eríàlì sì ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í tètè sọ̀rètí nù. Á dúró díẹ̀, bóyá abẹ́ afárá lẹni náà gbà kọjá. Nítorí náà mo ṣì ń gbọ́ bàbá mi ní àjákù àjákù: Ọlọ́run, àwọn èèyàn ti pé, ìyá rẹ ń kí ọ. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo ti gbé e sí ọmọ létí. Ó yá."

Mo mí kanlẹ̀. Mo pe orúkọ náà bó ṣe yẹ kí n pè é, àyà mi lórí ọ̀dà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má dẹ́rù ba ọmọ. Mo tún un pè. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kò sí nǹkankan létí mi, kò sí èrò, kò sí àga, kò sí ẹkún ọmọ.

"Eish," awakọ̀ wí, ó na ìka sí wáyà tó yọ.

Ó ti ki wáyà náà bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà kí n tó dìde. Mo tún nọ́ńbà tẹ̀. Kò dún, ó ń sọ pé wọ́n ń lo ìlà ọ̀hún lọ́wọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun: wọn ò tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣì wà létí ọmọ. Gbogbo ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń retí, ọmọ mi ń gbọ́ òfìfo. Mo yí ọkọ̀ náà ká, mo tún un yí ká, mò ń bú ara mi, mò ń bú ẹ̀rọ, mo bú ẹni tó ṣe wáyà kúkúrú fún ọ̀gá ilé ìwé. Awakọ̀ ní kí n jókòó. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n á máa sọ sí ọmọ náà bó bá fọ́ àwo tàbí tó bá ja ìjà: ẹ fi í sílẹ̀, bàbá ẹ̀ ò kúkú sí ńbẹ̀.

Ìgbà tó wá dún níkẹyìn, ìyàwó mi ló gbé e.

"Bàbá Ìkókó! Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Orúkọ yẹn! Mo sunkún. Màmá náà sunkún."

Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé orúkọ wo. Mo fi eyín mú ètè mi. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń pe ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wúre fún un, mo sì gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Kì í ṣe èyí tí mo mú. N kò ronú kan irú rẹ̀ rí.

"Gbé fóònù fún Bàbá," ni mo wí. Mo ti lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, awakọ̀ sì fi ọwọ́ di wáyà eríàlì mú lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò jẹ́ kó mì.

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń fi àwàdà lé àwọn èèyàn sẹ́yìn, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá, ó já," ni mo wí. "Ẹ ò gbọ́ mi. Ẹ ò gbọ́ orúkọ tí mo sọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ó já. Mo gbé e sí etí ara mi, kò sí nǹkankan ńbẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu, àwọn kan ti ń wo ara wọn. Mo bá ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo ń wí pé, ẹ̀n, ẹ̀n, mo gbọ́. Lẹ́yìn náà mo fẹnu sí ọmọ létí, mo sọ orúkọ kan fún un. Mo ní bàbá ẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tìẹ," ó ní. "Ẹnìkan ò ní sọ ọ́ sí eléyìí."

N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó rin ìrìn àjò lọ sọ́nà jíjìn padà wálé. Kì í ṣe orúkọ tí à ń sọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, tí kò tíì lọ ibì kankan.

"Kí ni tìẹ tí o fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?" bàbá mi béèrè.

"Òun náà ni, sà," ni mo wí.

Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀.

"Ìgbà wo wá lò ń bọ̀?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ohùn ẹni tó ń bẹ ènìyàn. Mo wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Bruma, mò ń sunkún, awakọ̀ sì ṣì di wáyà eríàlì mú.